Kí Ẹ Tó Ra Projector, Ẹ Wo Ògiri Yín Ná

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ ní pálọ̀ yín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 12, pé fèrèsé méjì ibẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, pé ẹ fẹ́ ra projector, ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri, kí ẹ máa fi wo bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé àti fíìmù alẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ẹ tún ní ẹ ti rí ọ̀kan tí wọ́n kọ 9,500 lumen (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀) sára páálí rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì ga, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ san án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Mo ti ra irú rẹ̀ rí lọ́dún 2019. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo náwó kí n tó ra èyí tí à ń lò nílé báyìí, ohun tí méjì àkọ́kọ́ yẹn fojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ọjọ́ Sátidé ni mo gbé àkọ́kọ́ délé. Aago mẹ́rin ti fẹ́ lù, àwọn ọmọ ti tẹ́ ẹní sílẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ wọn láti ilé kejì ti dé. Mo tan án. Àwọn agbábọ́ọ̀lù dà bí òjìji tó ń rìn nínú èéfín. A ò lè fi jẹ́sì dá ẹgbẹ́ kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Àbíkẹ́yìn mi bi mí pé, "Dádì, ṣé kò tíì tàn tán ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Nígbà tó di Mọ́ńdè mo gbé e padà, mo rò pé ó bàjẹ́ ni. Ẹni tó tà á fún mi gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ti ilẹ̀kùn, ó tan án, àwòrán sì jáde dáadáa. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló kéré, pálọ̀ mi sì mọ́lẹ̀ jù fún un. Owó mi kò padà.

Ohun tí n kò mọ̀ lọ́jọ́ náà nìyí. Tẹlifíṣọ̀n lè ṣe dúdú torí pé ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀ dúdú. Ẹ pa á, ẹ ó rí i. Projector kò ní dúdú kankan tó lè tàn sára ògiri. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ní. Níbi tí irun òṣèré bá ti dúdú nínú fíìmù, ńṣe ni ẹ̀rọ náà fawọ́ ìmọ́lẹ̀ sẹ́yìn níbẹ̀, ohun tí ojú yín á sì rí ni ògiri yín bó ṣe wà. Tí oòrùn bá wà lára ògiri, funfun ni dúdú yín máa jẹ́. Ẹ lè ra ẹ̀rọ alágbára kí funfun rẹ̀ lè borí ti oòrùn díẹ̀, ṣùgbọ́n dúdú yẹn, ọwọ́ kọ́tìnì ló wà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ó rántí sinimá orí pápá tí ìjọba máa ń gbé wá nígbà tí a wà ní kékeré. Ọkọ̀ á ti dé láti ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ta aṣọ funfun sókè, gbogbo ọmọ àdúgbò á ti jókòó, síbẹ̀ wọn ò ní tan nǹkan kan títí ilẹ̀ á fi ṣú pátápátá. A máa ń rò pé wọ́n kàn ń dá wa dúró ni. Òkùnkùn ni wọ́n ń dúró dè.

Torí náà, ẹ wo àkókò tí ẹ fẹ́ máa lò ó. Bọ́ọ̀lù Premier League ọjọ́ Sátidé, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń bọ́ sí àárín aago kan ọ̀sán sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa, ìgbà yẹn gan-an sì ni oòrùn ìwọ̀ ń wọ inú fèrèsé yín. Champions League ní tirẹ̀, aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án alẹ́ ni, ìyẹn kò ní wàhálà. Tó bá jẹ́ ti Sátidé ló ká yín lára jù, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kí ẹ fi owó yẹn kún ti tẹlifíṣọ̀n ńlá. Tó bá jẹ́ fíìmù alẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ni, kò sí tẹlifíṣọ̀n tí ẹ lè fi iye owó yẹn rà tó máa fún yín ní ohun tí projector máa fún yín. Inú mi ṣì ń dùn títí dòní nígbà tí gbogbo wa bá jókòó sílẹ̀ tí àwòrán gba ògiri láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì.

Ó kan ọ̀rọ̀ 9,500 lumen yẹn. Nọ́ńbà tí ẹ gbọ́dọ̀ wá ni èyí tí wọ́n kọ ANSI tàbí ISO mọ́, ìyẹn àwọn àjọ tó ń gbé ìlànà ìwọ̀n kalẹ̀. Ọdún 1992 ni ìlànà ANSI jáde: wọ́n á tan funfun sójú aṣọ, wọ́n á wọn ìmọ́lẹ̀ níbi mẹ́sàn-án, wọ́n á pín in dọ́gba, wọ́n á wá fi bí àwòrán ṣe fẹ̀ tó sọ ọ́ di púpọ̀. Nọ́ńbà tí kò bá ní ANSI tàbí ISO lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ bó ṣe wù ú. Lára páálí tèmi, 6,000 ni wọ́n kọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ iná sólà ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. A wọn ibi mẹ́sàn-án náà lálẹ́ ọjọ́ kan, a ṣe ìṣirò rẹ̀, kò pé 200.

Báwo lẹ ṣe máa mọ iye tó tó yín? Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n máa ń lépa nínú ilé sinimá tó ṣókùnkùn kò ju lumen 16 lọ fún ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó, tí aṣọ tàbí ògiri náà bá jẹ́ funfun tí kì í dán. Àwòrán 100 íńṣì (láti igun dé igun ni wọ́n ń wọn ọ́n) gba nǹkan bí 30 irú ẹsẹ̀ bàtà bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ 16 di púpọ̀ lọ́nà 30, ó di 480. Lumen ANSI 480 nìyẹn, lálẹ́, pẹ̀lú kọ́tìnì dúdú àti iná pípa. Tí ẹ bá fẹ́ tan gílóòbù kan sílẹ̀ kí àwọn ọmọ lè rí oúnjẹ wọn, èmi kì í gbà á kó dín ní ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn. Tí ẹ bá sì ní ẹ fẹ́ 120 íńṣì dípò 100, ẹ má rò pé ìdá márùn-ún ni ẹ fi kún un. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ti ní láti bo ẹsẹ̀ bàtà 43. Ó máa ṣú díẹ̀ sí i, ojú yín á sì rí i.

Páálí yẹn tún máa kọ "1080P supported". Ìtumọ̀ rẹ̀ ò ju pé ẹ̀rọ náà lè gba fídíò 1080 wọlé. Ohun tó máa tàn síta jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "native" sí, ìyẹn iye àmì ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ fi ń ya àwòrán. Tèmi jẹ́ 800×480, ìyẹn àmì ìmọ́lẹ̀ 384,000. 1920×1080 ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ ni ọ̀rọ̀ kéékèèké ìsàlẹ̀ fíìmù. Ìyá mi kì í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ mi kan kì í sì í gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá tó bó ṣe yẹ, torí náà a máa ń nílò ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn gan-an, ó sì ti dàlú bí yíǹkì tó bọ́ sómi.

Ìkejì tí mo rà jẹ́ tọ́kùnbọ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì, lumen ANSI 3,000. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun mìíràn ló wá bá mi jà. Gílóòbù ńlá ló ń lò, nǹkan bí wátì 300 ló sì ń jẹ. Irú gílóòbù yẹn máa ń gbóná gidigidi, tí ẹ bá sì pa á bó ṣe yẹ, fáànù inú rẹ̀ á ṣì máa fẹ́ ẹ títí á fi tutù. Tí NEPA bá mú iná lọ lójijì, fáànù dúró lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ooru yẹn há sínú. Tí wọ́n bá dá iná padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kò ní gbà láti tàn àfi kó tutù ná. Ilé wa ò tíì ní ìnfátà nígbà yẹn, mo fi jẹnẹrétọ̀ àti NEPA pààrọ̀ lé e lórí fún oṣù márùn-ún, gílóòbù náà sì kú. Èyí tí mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì owó ẹ̀rọ náà. Tí ẹ bá máa ra onígílóòbù, ẹ so UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé iná dúró tí NEPA bá mú un lọ) mọ́ ọn, kódà kékeré tó lè gbé e títí fáànù á fi parí iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí ọlọ́run, tí gílóòbù rẹ̀ bá bú gbàù, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ ṣí fèrèsé. Mẹ́kúrì, tó jẹ́ májèlé, wà nínú rẹ̀.

Ẹ tún ro ìnfátà yín mọ́ ọn. Bátìrì kan tó jẹ́ 12 fóltì, 200Ah, ìdajì nínú 2,400 wátì-wákàtí rẹ̀ ni ó dáa kí ẹ máa lò tó bá jẹ́ ti omi asíìdì, ìyẹn 1,200. Projector onígílóòbù, dikódà, spíkà àti fáànù ilé á jẹ tó 420 lápapọ̀. Ìnfátà fúnra rẹ̀ á sì jẹ díẹ̀. Ẹ ò ní lè lò ó tó wákàtí mẹ́ta. Èyí tí mò ń lò báyìí jẹ́ onígílóòbù LED, wátì 130 péré, a sì lè wo fíìmù méjì tẹ̀ léra kí ìnfátà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ti ẹ̀wẹ̀, ọyẹ́. Àwọn LCD àtijọ́ (projector tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba inú páànẹ́lì kékeré kọjá) máa ń fa afẹ́fẹ́ gba àárín ibi tí àwòrán ń gbà, eruku á sì bọ́ síbẹ̀, ẹ ó máa rí àbàwọ́n rúúrúú lójú ọ̀run nínú fíìmù. Láti Kejìlá dé Kejì, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mò ń ṣí fítà tọ́kùnbọ̀ yẹn, tí mò ń gbọn eruku rẹ̀ nù. DLP, irú projector kejì, sàn lórí eruku, torí dígí wínníwínní tí kò lóǹkà lójú èèyàn ló ń fi ṣiṣẹ́ (Larry Hornbeck ní Texas Instruments ló gbé e jáde ní 1987), wọ́n sì sábà máa ń dí ibẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra DLP, ẹ mú ìyàwó yín àti àwọn ọmọ lọ wò ó. Àwọ̀ pupa, ewéko àti búlúù kì í jáde papọ̀ nínú irú rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ léra kíákíá ni, ojú àwọn kan sì ń já a. Èmi ò rí nǹkan kan. Ìyàwó mi ń rí òṣùmàrè fìrì ní gbogbo ìgbà tó bá yíjú, orí fífọ́ sì gbé e níbẹ̀. Ìdí tí a fi padà sí LCD nìyẹn, èyí tí wọ́n dí pa, native 1920×1080, lumen ANSI 700. Ó tó wa.

Nípa pálọ̀ yín: ẹ mú tépù. Àwòrán 100 íńṣì fẹ̀ ní mítà 2.21. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní throw ratio. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 2.21, ìyẹn ni ìjìnnà láti ẹnu ẹ̀rọ dé ògiri. Tó bá jẹ́ 1.5, mítà 3.3 ni. Ẹsẹ̀ bàtà 12 yín kò ju mítà 3.66 lọ, ara ẹ̀rọ àti wáyà rẹ̀ sì fẹ́ àyè lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kó máa tàn gba ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà 14. Ẹ má lo ògiri tó kọjú sí fèrèsé. Ọ̀dà funfun tí kì í dán ni kí ẹ fi kùn ún, kí bíríkìlà sì kọ́kọ́ tún ibi tó bá rí gbágungbàgun ṣe, torí ìmọ́lẹ̀ kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sí ọ̀gangan ògiri. Tí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ fi keystone (ètò inú ẹ̀rọ tó ń tún àwòrán tó wọ́ ṣe) tọ́ ọ, ó ń jẹ nínú àwòrán yín ni.

Ohùn tó wà nínú rẹ̀ kò tó pálọ̀. Ẹ fi wáyà so spíkà mọ́ ọn, ẹ má fi Bluetooth ṣe é, ètè òṣèré á ti pa dé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó jáde. Netflix kì í sì í fẹ́ ṣí lórí ọ̀pọ̀ olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyí, ẹ fi dikódà tàbí stick (ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣí Netflix) gba ihò HDMI rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á gbé e wọ yàrá òkùnkùn fún yín nìkan. Ẹ ní kó tan án nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú iná títàn, kó tó wá pa iná. Ẹ fi fíìmù tí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ wà nínú rẹ̀ wò ó. Tó bá jẹ́ tọ́kùnbọ̀, ẹ má gbọ́kàn lé wákàtí gílóòbù tó wà nínú rẹ̀, wọ́n lè dá a padà sí òdo; ẹ tan funfun gbalaja sójú ògiri kí ẹ wò ó bóyá igun kan ti ní àwọ̀ yẹ́lò tàbí búlúù, bóyá àmì funfun kéékèèké ń tàn bí ìràwọ̀ níbi tó yẹ kó dúdú. Ẹ jókòó tì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó gbóná dáadáa, kí ẹ gbọ́ bí fáànù rẹ̀ ṣe ń ké.