Géèmù Àtijọ́: Ṣé Ẹ̀rọ Àkọ́kọ́ Ni Kí N Wá, Àbí Ẹ̀dà Tí Wọ́n Tún Gbé Jáde?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ padà sí àwọn géèmù tí mo fi ṣe ọmọdé, ti Super Nintendo àti PlayStation àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má fowó ṣòfò lórí ẹ̀rọ àtijọ́, torí pé gbogbo géèmù ayé ọjọ́un ló ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún títà. Ẹlòmíràn ní ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kì í ṣe géèmù náà gan-an. Ta ni kí n gbà gbọ́?

ÌDÁHÙN: Àwọn méjèèjì rí apá kan òtítọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ní gbogbo rẹ̀ ti wà fún títà ló ṣìnà jù. Ní oṣù Keje ọdún 2023, Video Game History Foundation, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú ìtàn géèmù, gbé ìwádìí kan jáde pẹ̀lú Software Preservation Network, níbi tí wọ́n ti rí i pé nínú àwọn géèmù tó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 2010, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò sí lórí àtẹ mọ́. Àwọn gbajúgbajà bíi Mario àti Sonic ni ilé iṣẹ́ ń tún tà lemọ́lemọ́, ìyẹn ló fi ń jọ pé kò sí èyí tó sọnù. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ àwọn géèmù tó wà lọ́kàn yín sílẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá wọ́n ti tún wọn gbé jáde. Èyí tí wọn kò bá tún gbé jáde, ẹ̀rọ àtijọ́ pẹ̀lú káàtírììjì tàbí díìsìkì rẹ̀ ló kù fún yín.

Ní ti ọ̀rẹ́ yín kejì, ọwọ́ ẹni tó ṣe ẹ̀dà tuntun náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Ilé iṣẹ́ lè fi géèmù àtijọ́ sínú emulator, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni ẹ̀rọ àtijọ́ náà, láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú géèmù. Wọ́n lè tún kóòdù rẹ̀ kọ kí ó lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tuntun. Wọ́n sì lè tún àwòrán, ohùn àti ìṣesí rẹ̀ ṣe látòkèdélẹ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ló sún mọ́ ti àtijọ́ jù lọ, síbẹ̀ òun náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Nígbà tí Sony gbé PlayStation Classic, ẹ̀rọ kékeré tó fara wé PlayStation àkọ́kọ́, jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2018 pẹ̀lú géèmù 20 nínú rẹ̀, 9 nínú wọn jẹ́ ẹ̀dà ti ilẹ̀ Yúróòpù, kódà nínú èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà. Tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà máa ń ya àwòrán ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ti Amẹ́ríkà àti Jàpáànù ń yà á ní ìgbà 60. Géèmù tí wọ́n bá gbé lọ sí Yúróòpù láìtún ìṣirò rẹ̀ ṣe máa ń falẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú eré ìjà bíi Tekken 3, tí gbogbo adùn rẹ̀ wà nínú kí ọwọ́ yá, ẹni tó mọ ti àtijọ́ dáadáa yóò fura láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ wá fi èyí wé Mega Drive Mini, irú ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀ tí Sega gbé jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú géèmù 42. Ilé iṣẹ́ M2 ti Jàpáànù, tó ti pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ yìí, ni wọ́n gbé e fún, àyàfi ẹni tó bá fimú fínlẹ̀ ni yóò sì rí ìyàtọ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ gbádùn eré ni, ẹ ra ẹ̀dà tuntun, bí kóòdù àtijọ́ bá ṣì wà nínú rẹ̀ láìyí padà. Ibi tí èmi kì í ti í fara mọ́ ọn ni ibi tí wọ́n bá ti pa inú géèmù dà láìwí fún olùrà, lẹ́tà tó tẹ̀ lé èyí sì kan ọ̀rọ̀ náà gan-an.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra ẹ̀dà tuntun géèmù kan tí mo fẹ́ràn, àmọ́ orin tí mo tìtorí ẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ wọn kò ní ọ̀nà mìíràn. Àdéhùn tí ilé iṣẹ́ géèmù ń bá olórin ṣe sábà máa ń ní gbèdéke, yálà iye ọdún tàbí irú ẹ̀rọ tí orin náà lè ti dún. Bí gbèdéke bá pé, kí wọ́n san owó tuntun ni, tàbí kí wọ́n yọ orin náà kúrò. Nígbà tí Sega tún Crazy Taxi gbé jáde ní ọdún 2010, orin The Offspring àti Bad Religion tí gbogbo ayé fi mọ eré náà ti di àwátì, wọ́n sì ti fi ilé oúnjẹ àròsọ rọ́pò KFC àti Pizza Hut tí takisí máa ń gbé èrò lọ. Ẹni tó bá ní díìsìkì rẹ̀ ti Dreamcast, ẹ̀rọ Sega àtijọ́, lọ́wọ́ ṣì ń gbọ́ àwọn orin yẹn, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè wọ inú díìsìkì tó wà nílé yín lọ yọ wọ́n.

Èyí tó burú lójú tèmi ni kí wọ́n kó ti àtijọ́ kúrò lọ́jà kí olùrà má lè yàn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Sega yọ ọ̀pọ̀ lára àwọn ẹ̀dà Sonic tó ti wà lórí ọjà íntánẹ́ẹ̀tì, kí Sonic Origins tó jáde ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó sì jáde, apá kan orin Sonic 3 ti yí padà. Rockstar Games ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú, ní ọdún 2021, nígbà tí wọ́n yọ Grand Theft Auto III, Vice City àti San Andreas àtijọ́ kúrò lórí àtẹ kí àtúnṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó dé. Àtúnṣe náà dé pẹ̀lú àbùkù tó pọ̀ débi pé òjò inú eré ń dí olùṣeré lójú, àkọlé ara ògiri ń ṣi sípẹ́lì, ó sì di dandan kí ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, kí wọ́n sì dá ti àtijọ́ padà fún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà. Ti Silent Hill HD Collection tí Konami gbé jáde ní ọdún 2012 tún yàtọ̀: àwọn tó ṣe é kò rí kóòdù ìkẹyìn géèmù náà gbà, orí kóòdù tí iṣẹ́ kò tíì parí lórí rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kùrukùru tó jẹ́ ẹ̀mí eré náà sì bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mọ́ wọn, ẹ̀dà tuntun náà lè fúnni ní ohun tí ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní rárá. Star Fox 2 tí Nintendo pa tì láàárín ọdún 1990 sí 2000, tí kò dé ọjà nígbà náà, inú Super NES Classic ti ọdún 2017, ẹ̀rọ kékeré tó fara wé Super Nintendo, ló ti kọ́kọ́ jáde fún títà.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti náwó púpọ̀ sórí géèmù àtijọ́ tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀rọ kan. Mo ti ra ẹ̀rọ tuntun láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ yẹn kan náà báyìí, mi ò sì rí ọ̀kankan nínú wọn níbẹ̀. Ṣé tèmi kọ́ ni wọ́n ni?

ÌDÁHÙN: Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ ọjà íntánẹ́ẹ̀tì, àṣẹ láti lo géèmù náà lórí ẹ̀rọ kan, lábẹ́ àkáǹtì kan, ni ẹ sanwó fún. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ ṣe òfin kan nípa rẹ̀, AB 2426, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2025: òǹtajà tó bá kọ "rà" sára bọ́tìnnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ gbangba fún olùrà pé àṣẹ ìlò ló ń gbà, àyàfi bí olùrà bá lè gbé ohun tó rà pamọ́ títí láé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin náà kò dá géèmù kankan padà fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní kí òǹtajà má fọ̀rọ̀ pamọ́ ni.

Ẹ wo ọjà Virtual Console tí Nintendo ṣí pẹ̀lú ẹ̀rọ Wii ní ọdún 2006, tí ó tà géèmù àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2019 ni wọ́n ti ọjà Wii náà pa, wọ́n sì dáwọ́ títà dúró lórí ọjà ti 3DS àti Wii U, àwọn ẹ̀rọ Nintendo mìíràn, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2023. Lórí Switch, ẹ̀rọ Nintendo tó dé lẹ́yìn wọn, owó àsansílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn géèmù yẹn láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Ohun tí ẹnikẹ́ni ti rà lórí Wii kò bá a débẹ̀, ẹni tó bá sì dá owó dúró, eré parí fún un. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, Sony náà kéde pé àwọn yóò ti ọjà PlayStation 3 àti ti Vita, ẹ̀rọ àfọwọ́gbé wọn, pa, àmọ́ ariwo àwọn oníbàárà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi yí ìpinnu náà padà ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ariwo náà wúlò, ẹ má fojú kéré rẹ̀.

Bí ẹ bá ń lo kọ̀ǹpútà, mo fọwọ́ sí GOG, tó ti ń ta géèmù àtijọ́ láti ọdún 2008 láìfi ìdènà kankan sí i. Ẹ lè da gbogbo fáìlì rẹ̀ sórí díìsìkì tiyín, kí ó máa ṣiṣẹ́ bí ọjà náà tilẹ̀ kógbá sílé. Bí ilé iṣẹ́ bá sì tún géèmù gbé jáde sínú káàtírììjì tàbí díìsìkì, èyí tó ṣeé yáni tó sì ṣeé tún tà, òun ni kí ẹ rà. Super Mario 3D All-Stars wà lọ́jà fún ìgbà díẹ̀ péré, láti ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 títí di òpin oṣù Kẹta ọdún 2021, ìpolówó tí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, àmọ́ ẹni tó ra káàtírììjì rẹ̀ ṣì lè tà á fún ẹlòmíràn lónìí.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti yan ẹ̀rọ àtijọ́ ní tèmi. Káàtírììjì Pokémon Gold mi kò fi ibi tí mo bá eré dé pamọ́ mọ́, Game Gear mi kò sì dún dáadáa. Ṣé wọ́n ti kú nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Wọn kò tíì kú. Káàtírììjì tó ń fi eré pamọ́ nígbà náà sábà máa ń ní bátìrì pẹlẹbẹ kékeré bíi ti aago nínú, ti Pokémon Gold àti Silver sì máa ń tètè tán nítorí pé aago inú eré náà ń mu nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹni tó mọ òjé jó lè pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí nǹkan kan bá ṣì kù nínú ìrántí rẹ̀, yóò parẹ́ bí wọ́n bá ti yọ bátìrì náà. Àrùn Game Gear, ẹ̀rọ àfọwọ́gbé Sega yẹn, kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń tún un ṣe: kàpásítọ̀ rẹ̀, àwọn èròjà kékeré tó ń tọ́jú iná, máa ń jò sórí bọ́ọ̀dù, ohùn yóò lọ sílẹ̀, àwòrán yóò ṣú. Ẹ tètè jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ wọn kí omi inú rẹ̀ tó jẹ ojú irin bọ́ọ̀dù náà.

Ẹ má fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú káàtírììjì mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa la ṣe é. Ọ̀rinrin ẹnu ń dá ìpẹtà sí ẹnu irin rẹ̀. Òwú díẹ̀ pẹ̀lú ọtí isopropyl ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ sì ṣọ́ ṣájà: ti NES, ẹ̀rọ Nintendo àtijọ́ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń gbé iná AC jáde, DC ni Famicom, ìkejì rẹ̀ ní Jàpáànù, ń fẹ́, ẹni tó bá fi ti èkíní sí èkejì lè jó o.

ÌBÉÈRÈ: Ìbọn tí mo fi ń ṣe Duck Hunt, eré ìpẹyẹ ti NES, ń ṣiṣẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ṣùgbọ́n kò pa ẹyẹ kan lórí èyí tó pẹlẹbẹ. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Ìbọn náà kì í yọ nǹkan jáde, ìmọ́lẹ̀ ló ń wò. Bí ẹ bá ti fa á, ojú tẹlifíṣọ̀n yóò ṣókùnkùn fírí, àpótí funfun yóò sì yọ níbi tí ẹyẹ wà. Bí ìbọn bá rí funfun náà ní àsìkò tó ń retí rẹ̀, ẹyẹ bọ́ nìyẹn. CRT, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n tó ní ẹ̀yìn gbọ̀ngbọ̀n, máa ń ya àwòrán ní ìlà kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ń dé, láìdúró. Èyí tó pẹlẹbẹ máa ń kọ́kọ́ gba àwòrán, kí ó tún un ṣe, kó tó gbé e síta, ìdádúró kékeré yẹn sì ti ba àsìkò ìbọn jẹ́. Ìdádúró kan náà ló ń mú kí Mario fò pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ bọ́tìnnì, nítorí náà ẹ tan ìpò géèmù (Game Mode) lórí tẹlifíṣọ̀n yín kí ẹ tó bú ẹ̀dà tuntun. Àwọn ayàwòrán ayé ìgbà náà tilẹ̀ fi àbùkù CRT ṣe iṣẹ́: ìṣàn omi nínú Sonic àkọ́kọ́ jẹ́ ìlà tóóró tóóró tí wáyà àtijọ́ ń pò pọ̀ kí ó lè dà bí omi tó mọ́ gaara, lórí tẹlifíṣọ̀n tuntun sì rèé, ìlà náà nìkan lẹ máa rí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tuntun ti ní ètò tó ń fara wé ojú CRT. Ẹ wá a nínú ètò àwòrán wọn.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni mo ṣe lè mọ ayédèrú káàtírììjì?

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbára lé bébà iwájú rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń tètè dọ́gbọ́n sí jù. Ẹ ra súkúdíráfà 3.8 mílímítà tó bá skúrù Nintendo mu, kí ẹ ṣí i, kí ẹ sì wo bọ́ọ̀dù inú rẹ̀: ojúlówó ní orúkọ Nintendo lára, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Bí ẹ bá rí ìṣùpọ̀ dúdú kan bí ọ̀dà tó bo ojú bọ́ọ̀dù dípò èròjà gidi, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.