Ẹni Tí Ọta Bà Ni Ó Ń Dájọ́: Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé Lórí Eré Airsoft

Márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà tí ó wọlé sí abala yìí lóṣù yìí dá lórí eré airsoft, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa tí ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, eré ni nínú èyí tí ẹgbẹ́ méjì ń fi ìbọn ìṣeré dọdẹ ara wọn nínú igbó tàbí ilé àlòpatì. Ọta róbótó oníke tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6 ni ìbọn náà ń yìn. Ilẹ̀ Jàpáànù ni eré yìí ti ṣẹ̀, níbi tí òfin kò ti gba ará ìlú láyè láti ní ìbọn gidi bí ó ṣe wù ú, ilé-iṣẹ́ Tokyo Marui ibẹ̀ ni ó sì gbé ìbọn airsoft oníbátìrì tiwọn jáde ní ọdún 1991. Mo ti ṣe alámòójútó pápá nínú igbó kan ní Kent fún ọdún mélòó kan, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo sì fi ń dáhùn.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ọmọkùnrin mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun fẹ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn lura wọn. Mo ti sọ fún un pé a kì í fi ìbọn ṣeré ní ilé wa, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ní kí n jẹ́ kí ó lọ. Ṣé kò léwu? Ṣé òfin gbà á? (Ìyá ọmọ mẹ́ta, Dagenham)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mà. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, nínú eré yìí sì rèé, ojú gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọta oníke lè ta ara, ó lè fi àmì pupa sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, èyí kò pa ẹnikẹ́ni. Ojú ni kò ní ààrọ̀, eyín sì tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá yẹ ara awò ìdáàbòbò tí wọ́n fẹ́ fún un wò, ẹ ó rí EN166, ìyẹn àmì òṣùwọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù fún awò ìdáàbòbò, lára rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan. F túmọ̀ sí pé wọ́n fi bọ́ọ̀lù irin kékeré tí ń sáré mítà 45 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan dán an wò. B túmọ̀ sí mítà 120. Agbára tí wọ́n fi dán F wò kò pé joule kan (joule ni a fi ń wọn agbára), bẹ́ẹ̀ ìbọn púpọ̀ ní pápá a máa ju joule kan lọ díẹ̀. B ni kí ẹ béèrè fún, kí ó sì jẹ́ èyí tí ó bo ojú, imú àti ẹnu pọ̀. Ẹ kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bọ́ ọ lórí pápá fún ìdí kankan. Bí ooru bá mú kí awò náà ṣú, kí ó fi ọwọ́ bo ojú, kí ó pe alámòójútó kí wọ́n mú un jáde.

Ní ti òfin, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè ra ìbọn yìí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tà á fún un, ṣùgbọ́n ó lè yá ti pápá, kí ó fi ṣeré, kí ó dá a padà. Pápá kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ iye ọdún tí ó ń gbà, nítorí náà ẹ fóònù wọn kí ẹ tó sanwó. Ohun tí ó ń dẹ́rù bà mí ju ọta lọ ni kí ọmọ ní tirẹ̀ nílé kí ó sì gbé e jáde lọ́jọ́ kan láti fi han ọ̀rẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin láti gbé ayédèrú ìbọn kiri ní gbangba láìnídìí, ọlọ́pàá tí ó sì rí i lókèèrè kò ní fi ojú mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí gidi. Ẹ̀yin náà mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí fún ọmọ adúláwọ̀ ní London.

ÌBÉÈRÈ: Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, mo yin ọta tí ó tó mẹ́wàá lu ọkùnrin kan lẹ́yìn igi, kò sọ pé ó ba òun, ó tún ń yìn mí padà. Kí ni kí n ṣe sí irú oníjìbìtì bẹ́ẹ̀? (Ọ̀dọ́kùnrin, Manchester)

ÌDÁHÙN: Ọta airsoft kì í fi ọ̀dà sára ènìyàn bí ti paintball, nítorí náà kò sí ẹlẹ́rìí mìíràn ju ẹnu ẹni tí ọta bà. Òun ni yóò kígbe “hit” (ó bà mí), tí yóò na ọwọ́ sókè, tí yóò yọ aṣọ pupa kékeré tí a fi ń mọ ẹni tí ọta ti bà síta, tí yóò sì rìn padà síbi tí wọ́n ti ń jí “òkú”, ìyẹn ẹni tí ọta ti bà, dìde kí ó lè padà sínú eré. Kò gbọdọ̀ tọ́ka síbi tí ọ̀tá wà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí òkú kì í sọ̀rọ̀. Gbogbo òfin yòókù, láti orí iye agbára ìbọn títí dé orí bí a ṣe ń pín ẹgbẹ́, ni wọ́n ṣe kí ó lè rọrùn fún ènìyàn láti sọ òtítọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan fi ẹ̀sùn irú tiyín kan ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, inú sì ń bí i débi pé ó fẹ́ wá jà. Mo lọ dúró lẹ́yìn ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn náà, mo sì ní kí olùfisùn tún yìn ín. Ó yìn ín. Mo gbọ́ ọta bí ó ti ń rọ̀ pàrà-pàrà sórí ewé igbó ṣúúrú kan tí kò ju apá méjì lọ síwájú wa, wọ́n sì ń jábọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹyọ kan kò dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ibi tí olùfisùn wà, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ wọ ọkùnrin náà láyà. Ọta tí kò wúwo ju gíráàmù 0.20 lọ, ewé kan ṣoṣo ti tó láti yí i lọ́nà. Bí ó bá tilẹ̀ dé, ẹni tí ó wọ ẹ̀wù òtútù méjì, tí ó ń sáré, tí ìbọn tirẹ̀ ń pariwo, lè má mọ̀ rárá.

Mi ò sọ pé oníjìbìtì kò sí. Wọ́n wà, wọn kò sì pọ̀, àwọn alámòójútó a sì máa dá wọn mọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ tún ìdúró yín ṣe, kí ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá tún dáhùn, ẹ sọ fún alámòójútó, kí ẹ sì máa bá eré lọ. Ẹ má pariwo mọ́ ọn pé kí ó kú, ẹ má sì da gbogbo ọta inú màgasíìnì (ilé ọta ìbọn) lé e lórí ní ìtòsí láti fi gbẹ̀san. Ẹni tí ó ṣe èyí ni wọ́n máa ń lé jáde ṣáájú oníjìbìtì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa fẹ́ kó ọ̀dọ́ 40 lọ sí pápá nínú oṣù Kẹjọ, èmi ni wọ́n sì ní kí n ṣètò eré. Lọ́dún tó kọjá, ìdajì wọn ló jókòó ti súyà, wọ́n ní eré náà sú àwọn. (Akọ̀wé àwọn ọ̀dọ́, Peckham)

ÌDÁHÙN: Ó dá mi lójú pé “ẹni tí ó bá kú ti kú” ni ẹ ṣe. Bí òkú kò bá jí, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ni yóò kọ́kọ́ jáde, òun náà ni yóò sì pẹ́ jù lọ nídìí súyà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ jí kíákíá jù, kò sí ẹni tí yóò bẹ̀rù ikú mọ́, wọn yóò máa sáré wọnú ọta bí eṣú. Àárín méjèèjì ni ọgbọ́n wà: kí òkú padà sí ibùdó, kí ó dúró de fèrè tí ń dún ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí gbogbo òkú ẹgbẹ́ kan sì jí pọ̀. Ìjídìde báyìí a máa dá ogun tuntun sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun kejì ni pé kí wọ́n ní nǹkan tí wọ́n ń lé tí kò jẹ́ pípa ara wọn lásán. Mo ṣe eré kan tí mo pè ní Àrokò, ẹ lè yá a. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, ènìyàn 24, yóò gbé àpò kékeré kan láti ibùdó wọn gba ẹnu ibodè mẹ́ta kọjá títí dé òpin igbó; ẹgbẹ́ kejì, ènìyàn 16, yóò dí wọn lọ́nà. Mo fún àwọn olùṣọ́nà ní ènìyàn díẹ̀ nítorí pé ẹni tí ó fara pamọ́ tí ó ń dúró deni sàn ju ẹni tí ń bọ̀ lọ. Ẹni tí àpò bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ yìnbọn, kò sì gbọdọ̀ jù ú. Bí ọta bá bà á, ibẹ̀ ni àpò yóò wà títí ẹlòmíràn yóò fi gbé e. Ogójì ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀ ẹgbẹ́. Mo fi owó ẹyọ mẹ́fà sínú àpò náà, ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí ní Lewisham sì bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní ẹfà ni, ó ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Ó ní kí ló dé tí wọ́n fi ń yìnbọn lé e, mi ò sì rí èsì fọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ó bà jẹ́, èmi ni mo sì bà á jẹ́. Àpò bọ́ sílẹ̀ ní ẹnu ibodè kejì, àwọn olùṣọ́nà yí i ká, wọ́n dojú ìbọn kọ ọ́, ìdajì wákàtí sì kọjá láìsí ẹni tí ó lè sún mọ́ ọn. Láti ìgbà náà ni mo ti fi kún un pé bí àpò bá wà nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, alámòójútó yóò gbé e padà sí ibodè tí ó kọjá gbẹ̀yìn, àwọn olùṣọ́nà kò sì gbọdọ̀ dúró ní ìwọ̀n mítà 10 sí i. Ẹ rí i pé ibùdó ìjídìde kò hàn sí ọ̀tá, kí ẹ fi alámòójútó kan sí ẹnu ibodè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ gbogbo òfin náà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tí ó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó dé inú igbó.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra ìbọn oníbátìrì àlòkù. Ọta rẹ̀ ń wọ́ sí ọ̀tún, òmíràn ń fò lọ sókè. Mo ta òróró sí i lẹ́nu, ó tún burú sí i. Bátìrì rẹ̀ náà sì ti ń wú. Bákan náà, ẹ̀rọ tí ń wọn eré ọta ka 328, pápá gba 350, síbẹ̀ wọ́n ní kí n má fi ṣeré. (Awakọ̀, Luton)

ÌDÁHÙN: Bọ̀dá, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀. Bátìrì LiPo (bátìrì oní-lithium) tí ó bá ti wú, ẹ má fi iná sí i mọ́. Ẹ gbé e síta níbi tí kò sí ohun tí iná lè ràn mọ́, kí ẹ sì kó o lọ síbi tí ìjọba ìbílẹ̀ yín ti ń gba ògbólógbòó bátìrì, kì í ṣe inú garawa ìdọ̀tí. Nígbà tí ẹ bá ra tuntun, sẹ́ẹ̀lì méjì ni ó wà nínú èyí tí a ń pè ní 7.4 volt: ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ju volt 4.2 lọ bí ó bá kún, kò sì yẹ kí ó lọ sísàlẹ̀ 3. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ fi í sí nǹkan bí 3.8. Ẹ jókòó tì í nígbà tí ó bá wà lórí ṣájà.

Òróró ni ó fa wàhálà kejì. Nínú ìbọn yín, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pá rẹ̀, rọ́bà kékeré kan wà tí ń jẹ́ hop-up, tí ń ra orí ọta bí ó ti ń kọjá kí ó lè máa yí sẹ́yìn, yíyí náà ni afẹ́fẹ́ fi ń gbé e dúró kí ó lè jìnnà. Bí òróró bá ta sí rọ́bà yìí, ọ̀kan yóò yọ̀, èkejì yóò há, ẹ kò sì ní mọ ibi tí ẹ̀kẹta ń lọ. Ẹ yọ màgasíìnì, ẹ yìn ín sílẹ̀ láti rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ẹ yọ bátìrì, ẹ dá hop-up padà sí òfo. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ wé ọ̀pá ìfọbọn, kí ẹ máa tì í wọlé láti ẹnu ìbọn, kí ẹ sì máa pààrọ̀ aṣọ títí yóò fi jáde ní funfun bí ó ti wọlé. Tèmi gba aṣọ méje lẹ́yìn òjò kan. Ẹ má ṣa ọta láti ilẹ̀ lò. Iyanrìn tí ó gbé wọlé ni yóò ha ọ̀pá náà. Kí ẹ tó gbé ìbọn pamọ́, ẹ yí i sí ìyìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì yìn ín lẹ́ẹ̀kan kí sípíríǹgì rẹ̀ lè sinmi. Ìbọn onígáàsì ló yàtọ̀: màgasíìnì tirẹ̀ fẹ́ òróró sílíkóònù díẹ̀, ó sì fẹ́ kí gáàsì díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ kí rọ́bà rẹ̀ má bàa gbẹ.

Ní ti ẹ̀rọ, 328 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn mítà 100. Pẹ̀lú ọta gíráàmù 0.20, joule kan ni. Bí ó bá jẹ́ ọta 0.28 ni ẹ kó sínú rẹ̀, bí mo ti fura, eré kan náà yẹn ti di joule 1.4, bẹ́ẹ̀ òfin ọdún 2017 ní ìbọn tí ń yìn léraléra kò gbọdọ̀ ju 1.3 lọ. Wọn kò rẹ́ yín jẹ. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi sípíríǹgì tí kò le tó bẹ́ẹ̀ sí i.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi ní Leeds fẹ́ fi ìbọn airsoft oníkékeré kan ránṣẹ́ sí mi nínú páálí aṣọ. Ṣé yóò dé? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ tètè fóònù wọn kí wọ́n má fi í ránṣẹ́. Ìbọn afẹ́fẹ́ tí a ń fi ọwọ́ kan yìn wà nínú ìwé ohun tí àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó wọlé rárá, òfin ìbọn wa sì ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí ó tó ní. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára páálí ni wọn yóò wá bi. Kí ẹ̀gbọ́n yín fi aṣọ nìkan ránṣẹ́. Bí ẹ bá lọ kí wọn ní Leeds, ẹ ó yá ti pápá níbẹ̀.