Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀: ṣé adìẹ a máa làágùn lóòótọ́?

Ẹnìkan béèrè ìtumọ̀ òwe yìí, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá òógùn wà lára adìẹ ní tòótọ́.

Òwe náà kò ṣòro. Ẹni tí ìyà ń jẹ, tí aṣọ tó wọ̀ kò jẹ́ kí ará àdúgbò fura, òun la ń pa á fún. Òun náà lè fi bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ òógùn ló gba àlàyé. Ohun tó ń sun òógùn kò sí lára adìẹ rárá, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ gbóná ju tiwa lọ: tiwa jẹ́ nǹkan bí 37°C, tirẹ̀ wà láàárín 41 sí 42. Bí oòrùn bá mú, á lanu, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á sì ya apá kúrò lára. Ooru tún ń gba ogbe àti ẹsẹ̀ jáde, níbi tí kò sí ìyẹ́. Àwọn àgbà ò rí òógùn, àmọ́ ẹjọ́ ìyẹ́ tí wọ́n rò yẹn, wọ́n jàre: ìyẹ́ ló ń há ooru mọ́ ọn lára.

Ẹ wá wo abólọ́rùn, adìẹ tí ọrùn rẹ̀ bó. Kì í ṣe àrùn, oòrùn kọ́ ló sì tu ìyẹ́ rẹ̀, àbímọ́ ni. Bó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, ìyẹ́ díẹ̀ á ṣẹ́kù níwájú ọrùn, ìyẹ́ ara á sì dín ní nǹkan bí 20%. Bó bá jẹ́ lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá, ọrùn á bó kanlẹ̀, ìyẹ́ lè dín tó 40%. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Edinburgh rí àyípadà inú àbùdá tó fà á.

Adìẹ kankan kò rí ooru kó wá pinnu pé òun á bọ́ ìyẹ́ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀ ni ooru kì í dààmú tó ẹgbẹ́ rẹ̀: ó ń jẹun, ó ń yé, ọmọ rẹ̀ sì ń jogún ọrùn náà. Gbé e lọ sílẹ̀ òtútù, oúnjẹ tó yẹ kó fi sanra ni yóò máa fi yá ara rẹ̀.

Kí ló dé tí abólọ́rùn kò fi kún agbo adìẹ wa, nígbà tí ooru wa ò kéré? Ọwọ́ ènìyàn náà ń ṣà. Ọ̀pọ̀ kórìíra ojú rẹ̀, wọ́n á tètè tà á tàbí kí wọ́n pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni òpìpí, irú adìẹ mìíràn tí kò níyẹ̀ẹ́ apá tó lè fi fò: ètùtù ni àwọn mìíràn ń wá a fún, èyí tó bá sì bọ́ lọ́wọ́ wọn kò lè sá fún ẹranko bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá kú kó tó yé, ìran rẹ̀ parí síbẹ̀. Lójú tèmi, àṣìṣe ni kí àgbẹ̀ máa fi abólọ́rùn ṣe àkọ́pa. Ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta, òun wà lára adìẹ ìbílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń lò láti wá irú tó lè fara da ooru.