Kóńgò tó wà lọ́wọ́ mi

Arábìnrin mi, ẹ béèrè bí ìyá ọlọ́mọ méjì tó ń jáde nílé ní Tánkẹ̀ láago mẹ́fà òwúrọ̀, tí kì í sì í wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣe lè fi Ọlọ́run ṣáájú nígbà tí kò ráyè jókòó ka Bíbélì. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ti dá yín lóhùn ló ní kí ẹ máa jí láago mẹ́rin. Ìmọ̀ràn náà kò burú. Èmi náà jí láago mẹ́rin fún ọdún 10 gbáko, ohun tí mo sì ń ṣe ní ọ̀sán àwọn ọdún yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí.

Ẹ̀lùbọ́, ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mo ń tà ní ọjà kan nínú ìlú Ìlọrin. Nígbà náà, èmi ni aṣáájú ẹgbẹ́ akọrin obìnrin ní ìjọ wa. N kì í pa ìṣọ́ òru jẹ, ìdámẹ́wàá mi kì í sì í pẹ́. Ṣùgbọ́n kóńgò tí mo fi ń wọn ọjà fún oníbàárà kò pé. Mo ti ní kí wọ́n fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ra kóńgò 10, bíi 9 ni yóò gbé délé. Kóńgò mìíràn tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú wà nínú àpótí. Òun ni mo máa ń yọ jáde bí àwọn tó ń kó ẹ̀lùbọ́ wá láti Ṣakí bá dé, nítorí èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ mi jẹ. Ọgbọ́n ọjà ni mo ń pè é. Nínú èrè rẹ̀ ni mo sì ti ń san ìdámẹ́wàá, èyí tó túmọ̀ sí pé mo ń gbé apá kan ohun tí mo jí lọ síwájú pẹpẹ, mo sì ń retí ìbùkún lórí rẹ̀.

Alhaja kan wà tí ìsọ̀ rẹ̀ kan tèmi. Ní ọjọ́ kan, ẹ̀wà rẹ̀ kò tó èyí tí oníbàárà rẹ̀ fẹ́ rà, ó sì rán ọmọ wá ra kóńgò 5 lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ó tún un wọ̀n, kò pé. Kò pariwo. Ó dúró títí ọjà fi palẹ̀, ó wá jókòó tì mí, ó ní, “Ìyá Akọrin, nínú Kùránì tiwa, sùúrà kan wà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ègbé fún àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù. Ṣé kò sí irú rẹ̀ nínú Bíbélì tiyín ni?”

Ó kúkú wà. Láti kékeré, ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní Ìgbàjà, ni mo ti mọ Òwe 11 ẹsẹ 1 sórí pé òṣùwọ̀n èké ìríra ni lójú Olúwa. N kò rí èsì fọ̀.

N kò ní tàn yín: nígbà tí mo ju kóńgò náà sílẹ̀, tí mo sì fi owó díẹ̀ lé ọjà mi kí n má bàa jẹ gbèsè, àwọn oníbàárà sá. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ìrẹsì tí mo ń tà tán ní ọ̀sẹ̀ kan ń lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a sì ní láti bẹ ilé ìwé àwọn ọmọ pé kí wọ́n fún wa láyè. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí àwọn kan bá ń ka Mátíù 6 ẹsẹ 33, pé kí a kọ́kọ́ wá ìjọba Ọlọ́run, bí ẹni pé èésú ni, pé kí o dá tìrẹ fún Ọlọ́run kí tìrẹ náà lè kàn ọ́. Nínú Bíbélì, opó Sáréfátì kọ́kọ́ ṣe àkàrà kékeré fún wòlíì Èlíjà nínú ìyẹ̀fun ìkẹyìn tó kù ún kù. A kò kà á pé ó di olówó, bí kò ṣe pé ìyẹ̀fun náà kò tán. Ẹni tó bá ti ń ta ẹ̀lùbọ́ rí yóò mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹnìkan nínú àwọn tó fèsì mú Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá níhìn-ín ní gúúsù Kwara, ṣe àpẹẹrẹ, pé ó fi iṣẹ́ ọkọ̀ tí a fi ń tẹ ọ̀nà sílẹ̀ ní 1928 nítorí ìpè Ọlọ́run. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn agbowó-òde bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi pé kí ni kí àwọn ṣe, nínú Lúùkù orí 3, kò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé kí wọ́n má ṣe gbà ju iye tí a pa láṣẹ fún wọn lọ. Ibi iṣẹ́ yín náà ni èmi yóò kọ́kọ́ wò bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, kí n tó wo aago.

Ní ti àdúrà, ẹ máa gbà á nínú ọkọ̀. Sáàmù kan péré kó tó dé Post Office, ó tó. Ẹ mú àwọn ọmọ gba Àdúrà Olúwa bí ẹ bá ń wọ aṣọ fún wọn. Mo ṣì ń jí láago mẹ́rin nítorí pé ó ti mọ́ mi lára, kì í ṣe nítorí pé mo fi ń ṣírò.

Alhaja náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí ó bá lọ kírun ọ̀sán, èmi ni mo máa ń bá a tajà, kóńgò tirẹ̀ ni mo sì fi ń wọ̀n ọ́n.