Eleme ni wọ́n ti ṣe hóró yìí, kí ló dé tí ọ̀rá wa ń ya?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Èmi àti ọkọ mi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá, torí àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá la fẹ́ máa ṣiṣẹ́ fún. Hóró ike tá a kọ́kọ́ rà, èyí tí ẹ̀rọ ń yọ́ di ọ̀rá, ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ èyí tá a rà tẹ̀ lé e, tí ẹni tó tà á búra pé Eleme kan náà ni, ńṣe ló ń ya lórí ẹ̀rọ. Ṣé ayédèrú ni? Kí ló yẹ ká máa wò ká tó sanwó?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, owó hóró kì í ṣe owó kékeré. Mi ò rò pé ayédèrú ni. Ohun tí mo fura sí ni pé ojúlówó Eleme ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀rá. Tẹ́ ẹ bá mọ bí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe hóró ike ní Eleme ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ ó rí i pé ẹni tó bá ní “Eleme ni” kò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Ìjọba ló dá a sílẹ̀ lábẹ́ NNPC, ilé-iṣẹ́ epo ti ìjọba, ní Eleme lẹ́bàá Port Harcourt. Ekpan nítòsí Warri àti Kaduna ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán iṣẹ́ sísọ epo àti gáàsì di kẹ́míkà wò. Eleme tẹ̀ lé e ní 1995, ó sì tóbi ju àwọn yẹn lọ fíìfíì. Kò pẹ́ tó fi ń dákú dájí. Ní 2006 ìjọba tà á fún ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tó ń jẹ́ Indorama, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín ìdókòwò rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìlú tó gbà á lálejò, ìpinnu tí mo rò pé ó yẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn fara wé. Láti 2016 ni wọ́n ti ń ṣe ajílẹ̀ yúríà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Gáàsì ni hóró yín kó tó di hóró. Àwọn gáàsì tó wúwo díẹ̀ tí wọ́n yọ lára gáàsì abẹ́ ilẹ̀, irú bí ethane àti propane, ni wọ́n ń pò mọ́ oru omi, tí wọ́n á sì rán gba inú páìpù tó wà nínú ìléru, níbi tí ooru ti ju 800°C lọ. Kì í lò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan níbẹ̀. Tó bá pẹ́ jù, èédú ló máa dà. Kódà pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra, èédú ṣì ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa sun ún kúrò láti ìgbà dé ìgbà. Bó ṣe ń jáde ni wọ́n ń mú un tutù wàràwàrà. Wọ́n á fún un pọ̀, wọ́n á tún mú un tutù sí i, títí tí wọ́n á fi lè ya ethylene, gáàsì tí wọ́n fi ń ṣe ike, sọ́tọ̀, èyí tó jẹ́ pé -104°C ló ti ń hó. Ìdí nìyẹn tí iná mànàmáná tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan fi lè da gbogbo ètò rú. Iná ńlá tẹ́ ẹ máa ń rí lórí òpó gíga wọn, gáàsì tí kò ríbi lọ ni wọ́n ń sun, kó má bàa di ewu.

Ibi tí ọ̀ràn yín wà gan-an ló tẹ̀ lé e. Àwọn ẹyọ ethylene á so mọ́ra, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́sẹẹsẹ, di okùn gígùn, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ló sì ń pinnu irú okùn tó fẹ́. Tó bá fi butene, gáàsì mìíràn, sí i, okùn náà á yọ ẹ̀ka. Igi ẹlẹ́ka kì í ṣeé dì ṣinṣin bí igi tó gún, nítorí náà ike náà á rọ̀, á sì ṣeé nà. LLDPE nìyẹn, òun lẹ ń wá. Láìsí butene, HDPE tó le ló ń jáde. Tí okùn bá kúrú, ike náà á máa ṣàn wẹẹrẹ tó bá ti yọ́, èyí sì dára fún garawa àti ìdérí. Ẹ̀rọ kan náà ló lè ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, hóró kan máa ń jáde láàárín tí kì í ṣe tibí, tí kì í ṣe tọ̀hún. Owó pọ́ọ́kú ló yẹ kí wọ́n máa ta ìyẹn.

Nítorí náà, orúkọ oríṣi hóró àti MFI rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa béèrè. MFI ni ìwọ̀n gíráàmù ike yíyọ́ tó gba ihò kékeré kan kọjá ní ìṣẹ́jú 10, ní 190°C, pẹ̀lú ìwúwo 2.16 kg lórí rẹ̀. Fún iṣẹ́ yín, nǹkan bí 1 ni kó jẹ́. Tó bá tó 20, ti garawa ni. Ọ̀rá tó ń wú sókè lórí ẹ̀rọ yín kò ní lè dúró, yíya ló máa ya.

Ẹni tó bá ní LDPE Eleme, irú ike rírọ̀ mìíràn, lòun ń tà, ẹ rọra fún un. Ìfúnpá tó lé ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ni wọ́n fi ń ṣe LDPE, ẹ̀rọ Eleme kì í sì í ṣe irú rẹ̀. LLDPE, HDPE àti polypropylene ni tiwọn. Polypropylene náà, ti àpò ìrẹsì àti sìmẹ́ǹtì ni. Tí díẹ̀ bá bọ́ sínú tiyín, ojú ibẹ̀ ni ọ̀rá á ti lu.

Ẹ gba ìwé àyẹ̀wò, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà inú rẹ̀ wé ti ara àpò. Ẹ wo ojú ìránṣọ àpò náà bóyá wọ́n ti tú u rí. Ẹ fi àpò kan ṣoṣo dán ẹ̀rọ wò kẹ́ ẹ tó sanwó ìyókù. Èyí tó kù lọ́wọ́ yín, ẹ má dà á nù: tí MFI rẹ̀ bá ga bí mo ṣe fura, ẹni tó ń ṣe garawa tàbí ìdérí á rà á lọ́wọ́ yín.