Ẹ má gbé àjẹsára ajá sínú fírísà torí pé iná ń lọ

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mò ń bójú tó ilé ìwòsàn ẹranko kan ní Ìbàdàn. Iná kì í dúró, epo sì ti wọ́n. Tó bá di alẹ́, a máa ń kó àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára sínú fírísà kí wọ́n dì gbagidi, kí wọ́n má baà bàjẹ́ bí wọ́n bá mú iná lọ. Láàárọ̀ a óò kó wọn padà sí fíríìjì. Jẹnẹrétọ̀ KVA mélòó ni ká rà tí iṣẹ́ ò fi ní máa dúró mọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Màá dé orí jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló burú jù nínú ohun tí ẹ kọ. Láti òní lọ, ẹ má tún gbé ìgò àjẹsára kankan sínú fírísà. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù, ó sì ń bí mi nínú, torí pé olówó ajá á sanwó, á gba káàdì pé ajá òun ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, á sì fi ọkàn balẹ̀ sùn, nígbà tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ajá náà ò ní ààbò kankan lára.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé ooru nìkan ló ń ba àjẹsára jẹ́, pé bó bá ṣe tutù tó ni yóò ṣe pẹ́ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwọ̀n tí àjẹsára ń fẹ́ ni 2 sí 8 Celsius. Àjẹsára dìgbòlugi tí à ń gún fún ajá, wọ́n ti pa fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á wá pò ó mọ́ èròjà aluminium kan tó ń ta ara ajá jí kó lè mọ àrùn náà. Èròjà yìí lẹ́búlẹ́bú, ó sì fọ́n káàkiri inú omi ìgò náà. Ìdí nìyẹn tí irú ìgò bẹ́ẹ̀ kì í fi í mọ́ gaara téèyàn bá mì í. Bí omi náà bá ti dì, yìnyín á ti èròjà yẹn pọ̀ sójú kan, á lẹ̀ mọ́ra, kò sì ní tú ká bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́, bó ti wù kí ẹ mì í tó. Ìgò á yọ́, á rí bíi pé nǹkan kan ò ṣe é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Bíi kí ògì dì ni: ẹ lè yọ́ ọ, kò ní jọ̀lọ̀ bíi ti àkọ́kọ́ mọ́.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Àjẹsára parvo àti distemper, àrùn ajá méjì mìíràn, jẹ́ ìyẹ̀fun gbígbẹ tí fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ooru ló ń tètè pa ìyẹn. Òtútù kì í sábà ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn kan rí i pé èyí dì tí kò bàjẹ́, wọ́n wá sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ìgò. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun yẹn ní omi tí à ń fi í pò. Bí omi náà bá dì, ìgò lè sán. Nínú ọ̀pọ̀ àjẹsára alápapọ̀ pàápàá, omi yẹn gan-an ni àjẹsára leptospira (àrùn ajá mìíràn), òun náà kò sì gbọ́dọ̀ dì. Nítorí náà, kò sí èyí tí fírísà yín ń gbà là.

Àwọn ìgò tí ẹ ti ń kó wọ fírísà lálaalẹ́ ńkọ́? Èyí tó bá jẹ́ olómi nínú wọn, ẹ kọ “MÁ LÒ Ó” sí i lára, kí ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà yín lónìí. Òun ló máa pinnu àwọn ajá tí ẹ máa pè padà wá gún abẹ́rẹ́ mìíràn. Lójú tèmi, ẹ ò gbọ́dọ̀ gba owó lé e. Bí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá sì gé ẹnikẹ́ni jẹ, kí ẹni náà má gbára lé káàdì ajá. Kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà. Bí àrùn dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń já sí.

Ọ̀nà kan wà fún ìgò tí ẹ kò mọ̀ bóyá ó ti dì rí, ìyẹn èyí tó ní aluminium nìkan. Ẹ mú ìgò kan tí nọ́ńbà bátíìsì rẹ̀ bá a mu, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó dì gbagidi mọ́jú, kí ẹ jẹ́ kó yọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ mú òun àti èyí tí ẹ ń fura sí lọ́wọ́ kan náà, ẹ mì wọ́n papọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ wá gbé wọn kalẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Títí ìdajì wákàtí, èyí tó dì á ti rọ̀ sísàlẹ̀, omi orí rẹ̀ á máa mọ́. Bí ìkejì bá ń rọ̀ bákan náà, ẹ dà á nù. Bó bá yege, ohun tó fi hàn ni pé kò dì rí; kò sọ pé ooru kò bà á jẹ́ o.

Ó wá kan iná. Ní ọdún 2024, ọ̀nà iná gbogbogbòò wó lulẹ̀ léraléra, nítorí náà ẹ má ṣètò fún wákàtí méjì péré. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni iye wákàtí tí fíríìjì yín lè fi mú òtútù dúró. Ẹ kó àjẹsára lọ síbòmíràn lọ́jọ́ Sunday kan, ẹ mú tẹ̀mọ́mítà tó ní wáyà tín-ínrín, ẹ ki wáyà náà sí àárín fíríìjì, kí ojú tẹ̀mọ́mítà wà níta. Ẹ pa iná, ẹ má ṣílẹ̀kùn, ẹ máa wò ó títí yóò fi kọjá 8. Wákàtí tí ẹ bá kọ sílẹ̀ ló máa sọ ohun tí ẹ máa rà. Bí ẹ bá to ike omi kún ìsàlẹ̀ àti ẹnu ilẹ̀kùn, wákàtí náà á pọ̀ sí i. Àárín ni kí ìgò wà, kó má kan ẹ̀yìn níbi tí yìnyín ti ń so, kó má sì sí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọbẹ̀ àti ọtí mínírà kò gbọ́dọ̀ bá a gbé.

Jẹnẹrétọ̀ 2.5 KVA tó fún fíríìjì, gílóòbù àti fáànù, ṣùgbọ́n ta ló máa tàn án láago méjì òru? Ínfátà ni mo fẹ́ fún òru. Bátìrì 12V, 200Ah jẹ́ 2,400Wh, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́. Tó bá jẹ́ ti ásíìdì, ẹ má lò ju ìdajì rẹ̀ lọ; ínfátà fúnra rẹ̀ á jẹ díẹ̀, á kù bí 1,000Wh. Fíríìjì tó ń jẹ 70W ní ìpíndọ́gba á lò ó bíi wákàtí 14. Ínfátà náà gbọ́dọ̀ lè gbé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, torí bó bá ń bẹ̀rẹ̀, ó ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan. Ẹ fi sítébíláísà tó ń dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó jẹ́ kí iná wọlé sí i, nítorí iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló ń jó kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ojú fèrèsé. Ẹran inú kéèjì kò lè sá fún èéfín.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, kúlà ló kàn. Ẹ má gbé yìnyín tààrà láti fírísà ti ìgò, torí á tún mú un dì. Ẹ jẹ́ kí páàkì yìnyín wà níta títí tí ẹ ó fi mì í tí omi á máa dún nínú rẹ̀, ẹ fi páálí sáàárín, kí ẹ sì ki tẹ̀mọ́mítà sí i.

Ìyókù kò le. Ẹ kọ orúkọ ẹran tó wà lórí ìtọ́jú àti oògùn wọn sínú ìwé gidi, yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú fóònù. Kí sílíńdà ọ́síjìn kan wà tí kò nílò iná. Kí dókítà ẹranko mìíràn tó ní ìwé àṣẹ ti gbà tẹ́lẹ̀ láti dúró fún tiyín. Mi ò rí ilé ìwòsàn yín, nítorí náà bí ìwé inú páálí àjẹsára bá sọ ohun tó yàtọ̀ sí tèmi, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Lálẹ́ òní kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ lẹ bébà kan mọ́ ojú fíríìjì: nọ́ńbà dókítà, nọ́ńbà ilé ìwòsàn tó gbà láti bá yín tọ́jú ìgò, àti orúkọ ẹni tó máa gbé kúlà débẹ̀.