Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọ́ìlì Tí Kì Í Dé Inú Ṣéènì

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Alùpùpù ni mo fi ń kó iṣu àti gbágùúdá láti oko wá sí ọjà ní Ìsẹ́yìn, eruku sì pọ̀ lójú ọ̀nà wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀ kì í jẹ́ ká gbádùn nígbà òjò. Ọ́ìlì tí mẹkáníìkì bá fà jáde nínú ẹ́ńjìnnì, èyí tí a ń pè ní kọ́ńdẹ́ḿ, ni mo máa ń dà sí ṣéènì. Nígbà mìíràn, mo máa ń fi gíríìsì kùn ún. Síbẹ̀, kì í pẹ́ tí ṣéènì náà fi ń dẹ̀ tí ó sì ń pariwo, eyín sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, ìyẹn irin róbótó eléyín tí ṣéènì ń yí lórí rẹ̀, sì ti mú ṣóṣóró. Kí ni mo ń ṣe tí kò tọ́? — *Òǹkàwé kan, Ìsẹ́yìn*

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú ewu ọ̀nà. Kì í ṣe pé ẹ kò fún ṣéènì yín ní ọ́ìlì. Ibi tí ọ́ìlì náà ń dúró sí ni ìṣòro wà. Nínú oríkèé ṣéènì kọ̀ọ̀kan, irin róbótó kékeré kan wà tí ó gba inú ihò irin mìíràn kọjá, irin yìí sì ń yí nínú ihò náà nígbàkígbà tí ṣéènì bá gun sípírókẹ́ẹ̀tì tàbí tí ó bá sọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, tàbí tí iyanrìn bá ráyè wọlé, irin á máa jẹ irin, ihò á sì máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí díẹ̀díẹ̀ yìí bá ti di ti gbogbo oríkèé, ṣéènì á gùn ju bó ṣe yẹ lọ, kò ní bá àlàfo eyín sípírókẹ́ẹ̀tì mu mọ́, á wá máa gun ṣóńṣó eyín, á sì máa jẹ ẹ́.

Èédú àti lẹ́búlẹ́bú irin tí ẹ́ńjìnnì ti lọ̀ wà nínú ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ḿ, nítorí náà, ohun tí ẹ fẹ́ lé jáde ni ẹ ń dà wọlé. Gíríìsì ní tirẹ̀ ki jù, kò lè ráyè wọ inú oríkèé. Ìta ni yóò lẹ̀ mọ́, yóò máa gba iyanrìn mọ́ra, yóò sì di òkúta tí a fi ń pọ́n àdá. Mo gbà pé ọ̀fẹ́ ni kọ́ńdẹ́ḿ, ṣùgbọ́n owó sípírókẹ́ẹ̀tì tuntun kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Kẹrosíìnì ni kí ẹ fi fọ ṣéènì náà. Ẹ gbé alùpùpù sórí dọ́bù sítáńdì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gíà, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Mo bẹ̀ yín gidigidi, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa bá yín yí i, nítorí pé bí ṣéènì bá fa àkísà wọ sípírókẹ́ẹ̀tì, ó lè gé ìka tí ó di àkísà náà mú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ fọ gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ má lo bẹntiróòlù: iná lè tètè ràn mọ́ ọn, ó sì lè ba rọ́bà jẹ́. Àwọn ṣéènì kan wà tí òrùka rọ́bà kékeré wà láàárín àwọn irin pẹlẹbẹ wọn, láti sé gíríìsì tí ilé iṣẹ́ fi sínú oríkèé mọ́bẹ̀; bí irú rẹ̀ ni tiyín, búrọ́ọ̀ṣì onírin àti omi alágbára àwọn tó ń fọ ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ kàn án.

Gíà ọ́ìlì nọ́ḿbà 80 tàbí 90 ló dára láti fi sí i. Ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé, tí ṣéènì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ló ń wọlé dáadáa. Ìsàlẹ̀ ṣéènì, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sókè, ni kí ẹ ti máa kán an sí àlàfo àárín àwọn irin pẹlẹbẹ, nítorí pé bí ṣéènì bá ń yí, ọ́ìlì á máa sá láti inú bọ̀ síta, á sì gba inú oríkèé kọjá. Ẹ jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé kò kan táyà tàbí bíréèkì. Ọ̀pọ̀ ìwé alùpùpù ní kí a máa ṣe èyí ní kìlómítà 500 sí 1,000. Lójú ọ̀nà oko, mo fara mọ́ 500, àti lẹ́yìn òjò ńlá èyíkéyìí.

Ohun kan tún wà tó kan ẹni tó ń ru iṣu. Bí ẹrù bá tẹ ẹ̀yìn alùpùpù wálẹ̀, ṣéènì á le sí i. Ẹni tó bá fún un títí tí kò fi mì mọ́ kí ó tó di ẹrù, bẹ́rìn gíà ló ń bà jẹ́. Ó yẹ kí àárín ìsàlẹ̀ ṣéènì lè lọ sókè sódò díẹ̀, bíi mìlímítà 20 sí 30 fún ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré. Ìwé tiyín ló ní àṣẹ.

Ní ti eyín tó ti mú ṣóṣóró, fífọ̀ kò lè wò ó sàn. Ẹ pààrọ̀ ṣéènì àti sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé eyín tó ti jẹ yóò tètè ba ṣéènì tuntun jẹ́.

Ìbéèrè: Mo tú ṣéènì mi láti fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí ẹnu klíìpù rẹ̀, irin kékeré tó ń di ojú ibi tí a ti so ṣéènì pọ̀ mú, ń kọjú sí. — *Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Orí rẹ̀ tó dì ni yóò ṣáájú, ní ìhà ibi tí ṣéènì ń lọ, ẹnu tó là yóò wà lẹ́yìn, kí ohunkóhun tó bá gbá a lójú ọ̀nà má baà tì í jáde. Ẹ wò ó pé ó ti jókòó dáadáa sínú kòtò irin méjèèjì kí ẹ tó gbéra.